Iṣan ọkàn bàbá mi dí pátápátá, wọ́n ní wáyà ò kọjá: ṣé ká tún padà lọ ni?

Àdùkẹ́Kétu
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí torí mọ̀lẹ́bí ti ń pín sí méjì ní Kétu níbí. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ̀jẹ̀ ríru wà, ìtọ̀ ṣúgà wà, ó ti ṣe díẹ̀ báyìí tó jẹ́ pé tó bá ti rìn dé ọjà àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, á dúró, á di àyà mú, tó bá sinmi á lọ. Wọ́n ṣe coro fún un, àwòrán iṣan ọkàn, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn, ti apá ọ̀tún, ti dí pátá, 100%. Dókítà gbìyànjú láti ṣí i, ó pẹ́ gan-an nínú yàrá yẹn, ó jáde, ó ní wáyà ò kọjá, òun dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ká padà wá, pé dókítà mìíràn ń bọ̀ tó mọ irú ẹ̀ dáadáa, pé ó lè gba ẹ̀yìn wọlé. Gba ẹ̀yìn báwo? Àbúrò bàbá mi ní ti àkọ́kọ́ ò mọṣẹ́ ni, kí wọ́n dá owó wa padà. Ìyá mi ní tí iṣan bá ti dí tán tí èèyàn ò sì kú, kí ni wọ́n tún ń wá níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ kó sọ̀rọ̀.

Plọ́ńbíẹ̀Wàndó
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Èmi ò ka ìwé dókítà o, ṣùgbọ́n ohun tó dí ni mò ń ṣí jẹun láti kékeré. Páìpù tó bá dí, wáyà la máa ń tì bọ̀ ọ́, a ó máa yí i, a ó máa gún un títí á fi lu. Tí kò bá lu, wáyà yẹn ò le tó ni. Kí wọ́n lọ wá èyí tó le. Kí ló ń gba gbogbo àkókò yẹn?

ÌnfìmíẹCathé
Bàbá Plọ́ńbíẹ̀ mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ilẹ̀ Faransé ni mo wà, nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí gan-an ni mo ti ń jẹun, èmi ni mò ń na wáyà sí dókítà lọ́wọ́. Ibi tí páìpù àti iṣan ti yà nìyí. Páìpù, ara kan ṣoṣo ló ní. Iṣan, awọ mẹ́ta ló lẹ̀ pọ̀. Wáyà líle tẹ́ ẹ ní kí wọ́n lọ wá yẹn, tó bá kan ojú ibi tó dí tó rí i pé ó le, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbà, á wọ àárín awọ, á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹni tó ń kánjú á ní òun ti kọjá, ẹ wá fẹ bàlúùnù, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n fi ń fẹ iṣan, síbẹ̀ kẹ́ ẹ rí i bí iṣan á ṣe ya. Tó bá tún tẹ̀ síwájú á yọ síta, ẹ̀jẹ̀ á máa dà sínú àpò tó bo ọkàn. Wáyà tí mò ń sọ yìí ò sì nípọn ju 0.36 mm lọ o.

Àdùkẹ́, iṣan tó bá ti dí pátá fún oṣù 3 ó kéré tán, CTO ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì bíi ti ẹni tí ìkọlù ọkàn mú láàárọ̀ yìí, ìyẹn ṣì rọ̀, wáyà máa ń gba inú ẹ̀ kíá. Eléyìí ti gbó. Kálísíọ̀mù ti wọ̀ ọ́, ojú tó kọ síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀ ló sì sábà máa ń le jù. Dókítà Gruentzig tó kọ́kọ́ fẹ bàlúùnù nínú iṣan ọkàn alààyè ní Zürich ní 1977, iṣan tó fún ló ṣí, kì í ṣe èyí tó dí tán. Torí náà kí àbúrò bàbá ṣe sùúrù ná.

Ti ìyá yín: ọkàn ò kú torí pé àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara iṣan yòókù ti fẹ̀, wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ yípo wá sẹ́yìn ibi tó dí. Tí bàbá bá jókòó, ó tó o. Tó bá rìn dé ọjà, kò tó mọ́, ohun tó ń fún un láyà nìyẹn.

ÒkèṢábẹ
Àlàyé yìí dáa ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn. Kí ló dé tó fi pẹ́ nínú yàrá tó sì jáde lọ́wọ́ òfo? Ní Ṣábẹ níbí ẹni tó bá ń gbé aláìsàn lọ Kutonu, ilẹ̀ ló ń tà, màlúù ló ń tà. Owó ti wọlé, iṣan ò ṣí. Èmi ò bá àbúrò bàbá wí o.

ÌnfìmíẹCathé
Ẹ̀gbọ́n, owó dunni, mi ò bá yín jà. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn kí ẹ fúnra yín dájọ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni ríríran. Oògùn kan wà tí wọ́n ń ta sínú iṣan kó lè hàn lójú ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àwọ̀. Tẹ́ ẹ bá ta á láti iwájú nìkan, ibi tó dí ló máa parí sí, ẹ ò mọ̀ bóyá ohun tó dí gùn tàbí ó kúrú, ẹ ò mọ ibi tí iṣan yà sí lẹ́yìn ẹ̀. Nítorí náà ihò méjì ni wọ́n ń lu, ọ̀kan lọ́rùn ọwọ́, ọ̀kan níbi itan, tàbí ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Kátẹ́tà kan, páìpù rírọ̀ tó gùn, á wọ iṣan tó dí, èkejì á wọ iṣan tó ń ṣàánú ẹ̀, wọ́n á ta àwọ̀ sí méjèèjì pọ̀. Ìgbà yẹn lẹ tó máa rí iwájú, ẹ rí ẹ̀yìn, ẹ rí òkùnkùn tó wà láàárín. Èmi ti rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó jẹ́ ibí yìí ló ti bàjẹ́, torí ẹnì kan ní ihò kan tó. Àdùkẹ́, ẹ wádìí bóyá ihò méjì ni wọ́n lu fún bàbá.

Àwọn ará Japan gbé òṣùwọ̀n kan jáde ní 2011, J-CTO lorúkọ ẹ̀. Máàkì kan tí orí ibi tó dí bá kú tí kò ní ṣóńṣó tí wáyà lè bá wọlé, kan fún kálísíọ̀mù, kan tí ibẹ̀ bá tẹ̀ kọjá 45 degree, kan tó bá gùn tó 20 mm, kan tí wọ́n bá ti gbìyànjú ẹ̀ rí tí kò bọ́ sí i. Òdo rọrùn, 3 lọ sókè iṣẹ́ ńlá ni. Bàbá yín ti ní máàkì kan nílẹ̀ báyìí.

Wáyà kì í dá lọ. Inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà, microcatheter, òun ló ń tì í lẹ́yìn, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n lè pààrọ̀ wáyà láì pàdánù ibi tí wọ́n dé. Wáyà rírọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lò, tí ẹnu ẹ̀ ti máa tẹ̀ kí ẹ tó gbé ìwúwo gíráàmù 1 lé e. Tí kò bá lọ, wọ́n á gbé èyí tó le jù ú lọ, títí dé gíráàmù 12, láti gún orí tó le yẹn. Àmọ́ Bàbá Plọ́ńbíẹ̀, ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́: tó bá ti gún orí yẹn wọlé, wọ́n á fa líle jáde, wọ́n á dá rírọ̀ padà, torí líle ò mọ ọ̀nà, ó kàn ń lọ ni. Dókítà á ti tẹ ẹnu wáyà díẹ̀, bíi mìlímítà 1, á fi ìka méjì máa yí i níta, ẹ ó máa rí ẹnu ẹ̀ tó ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á gbé ẹ̀rọ lọ sápá òsì, wọ́n á gbé e lọ sápá ọ̀tún, torí àwòrán apá kan ṣoṣo máa ń tanni jẹ. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, àní fóònù ẹni tó bá dún wọ́n á wò ó ni. Wákàtí kan lè lọ kó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan ni wọ́n rìn.

ÌyáFàtíà
Subhanallah! Wákàtí kan, sẹ̀ǹtímítà kan, ẹni náà sì wà lójúfò? Ti ọkọ mi ò dí tán, kò pẹ́ rárá, ó tiẹ̀ ń bá wọn ṣàwàdà. Kíndìnrín ńkọ́ o, nígbà tí bàbá ní ìtọ̀ ṣúgà? Wọ́n ní àwọ̀ yẹn ò dáa fún kíndìnrín.

ÌnfìmíẹCathé
Bẹ́ẹ̀ ni màmá, ojú ẹ̀ máa ń là, ojú ibi tí wọ́n lu nìkan ni wọ́n ń gún lóògùn kó má dun ún. Ti kíndìnrín, òótọ́ lẹ sọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣáájú kí wọ́n mọ agbára kíndìnrín, ìyẹn ló máa sọ iye àwọ̀ tí wọn ò gbọdọ̀ kọjá, wọ́n á sì fún un lómi. Tó bá ń lo metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kẹ́ ẹ sọ fún wọn. Iná X-ray ẹ̀rọ náà ní òdiwọ̀n, Gy ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tó bá ti dé 5 Gy tí wáyà ò tíì kọjá, wọ́n á dáwọ́ dúró, torí awọ ẹ̀yìn èèyàn lè jó, ọgbẹ́ yẹn sì lè má yọ àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wákàtí 3 lọ́pọ̀ ibi náà máa ń fà á sí. Ẹ rí i pé dókítà àkọ́kọ́ tó dúró yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó dáa jù tó ṣe lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Èmi, dókítà tó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró ni mo fẹ́ kó ṣe ti bàbá mi.

Àdùkẹ́Kétu
Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n. Mo ti bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó sìn wọ́n lọ, ihò kan ni o, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló rí báńdéèjì. Ẹ wá bá mi ṣàlàyé gbígba ẹ̀yìn yẹn torí òun gan-an ló ń dẹ́rù bà wá.

ÌnfìmíẹCathé
Ìyẹn ti ń sọ nǹkan fún wa.

Gbígba ẹ̀yìn: àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo ní wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ yípo yẹn, inú wọn ni wáyà máa gbà. Á wọ iṣan òsì tó dáa, á wọ ọ̀kan nínú àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó la inú ẹran tó pín ọkàn sí méjì kọjá, á jáde sẹ́yìn ibi tó dí lápá ọ̀tún, á wá kọjú sí i látibẹ̀. Ojú ẹ̀yìn sábà máa ń rọ̀ ju ojú iwájú lọ, ìdí tí wọ́n fi ń wá a lọ síbẹ̀ nìyẹn. Nígbà mìíràn ti iwájú àti ti ẹ̀yìn á pàdé nínú awọ, wọn ò ní ríra, wọ́n á fẹ bàlúùnù kékeré láti iwájú kí àyè ṣí, ti ẹ̀yìn á bọ́ sínú àyè yẹn. Wọ́n á wá fi wáyà kan tó gùn ju mítà 3 lọ rọ́pò ẹ̀, á wọlé ní ihò kan lára èèyàn, á gba inú ọkàn yípo, á jáde ní ihò kejì. Ẹni tí kò bá rí i rí á ní iṣẹ́ àjẹ́ ni 😂

Ewu ẹ̀: iṣan tó dáa, tí gbogbo ọkàn gbójú lé, irinṣẹ́ wà nínú ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tí ẹ̀jẹ̀ bá lọ dì níbẹ̀, wàhálà ńlá ni. Torí ẹ̀ la ṣe ń yẹ heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wò ní bíi ààbọ̀ wákàtí síra, à ń fẹ́ kí ACT, ìyẹn àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì, wà ní bíi ìṣẹ́jú àáyá 350. Àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba inú ẹran, tí wọ́n bá ya ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dúró sínú ẹran náà, àwọn tó gba orí ọkàn níta ló ń bani lẹ́rù.

Ọ̀nà kan tún wà o: kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gba àárín awọ tí mo fi ń bá Bàbá Plọ́ńbíẹ̀ jà yẹn. Wọ́n á ká ẹnu wáyà kó má ní ibi tó lè gún nǹkan, wọ́n á tì í lọ láàárín awọ kọjá ibi tó dí, lẹ́yìn náà wọ́n á wá bí wọ́n á ṣe bọ́ sínú iṣan padà. Bàlúùnù pẹlẹbẹ kan wà fún ìyẹn, Stingray, ihò kan wà lójú kìíní, ihò kan lójú kejì, ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú sínú iṣan. Dókítà tó dáa kì í rọ̀ mọ́ ọ̀nà kan, tí iwájú ò bá lọ láàárín àkókò díẹ̀ á yí sí òmíràn.

ÒkèṢábẹ
Ẹ ti ń sọ ya, ya, ya látàárọ̀. Tó bá wá ya ńkọ́? Ẹ má fi bò.

ÌnfìmíẹCathé
Mi ò ní fi bò. Tó bá lu, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fẹ bàlúùnù síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dúró, ìgbà náà ni wọ́n á tó ronú. Ihò ńlá, stẹ́ǹtì (páìpù kékeré oníwáyà tó ń gbé iṣan dúró) tí wọ́n fi nǹkan bò lára ni wọ́n á gbé síbẹ̀. Ihò kékeré ní ìpẹ̀kun iṣan tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi wáyà kékeré tó ń ká ara ẹ̀ jọ dí i, tàbí ọ̀rá díẹ̀ tí wọ́n yọ lábẹ́ awọ aláìsàn fúnra ẹ̀. Tí àpò ọkàn bá ti kún, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ á wọlé lábẹ́ egungun àyà láti fa ẹ̀jẹ̀ jáde, lójú ẹ̀kó (ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn), ìyẹn ò gbọdọ̀ pẹ́ rárá. Ohun kan tí àwọn tuntun kì í mọ̀: oògùn tó ń pa agbára heparin, wọn kì í sáré fún un nígbà tí irinṣẹ́ ṣì wà nínú iṣan, torí gbogbo ẹ̀ lè dì mọ́ ibẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é lójoojúmọ́, bíi 85 sí 90 nínú 100 ló ń ṣí, ewu ńlá ń ṣẹlẹ̀ sí bíi 3 nínú 100. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, iye tó ń ṣí kò tó bẹ́ẹ̀.

Plọ́ńbíẹ̀Wàndó
Ó dáa, mo gbọ́ ti awọ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ n bèèrè ohun tó ń yọ èmi lẹ́nu lẹ́nu iṣẹ́. Wáyà ti kọjá tán, gbogbo yín ń yọ̀. Ẹ gbé bàlúùnù tẹ̀ lé e, bàlúùnù kọ̀, kò wọlé. Ṣé kì í ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

ÌnfìmíẹCathé
Hàà bàbá, ẹ mọṣẹ́ yín! Ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ó sì máa ń bí èèyàn nínú ju kí wáyà má kọjá lọ. Wọ́n á wá bàlúùnù tó kéré jù, 1.0 mm báyìí. Tí ìyẹn bá kọ̀, ìṣòro lè má jẹ́ ti bàlúùnù, kátẹ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn ló ń fà sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń tì síwájú, nítorí náà wọ́n á ti páìpù mìíràn bọ inú ẹ̀ kó lè wọnú iṣan jìn, tàbí kí wọ́n fẹ bàlúùnù mìíràn sínú ẹ̀ka iṣan kan nítòsí kó di kátẹ́tà mú. Microcatheter kan wà tó ní eyín lẹ́nu, wọ́n á máa yí i wọlé. Èyí tó le jù ni ẹ̀rọ kan tí orí ẹ̀ ní dáyámọ́ńdì, ó ń yí ju ìgbà 140,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú 1, ó ń lọ kálísíọ̀mù kúnná, ṣùgbọ́n wáyà tiẹ̀ yàtọ̀, kí wọ́n tó pààrọ̀ wáyà níbẹ̀ àyà gbogbo wa ti ń já. Tí bàlúùnù bá wọlé tí kò fẹ̀, ti Shockwave wà, ìró ló fi ń fọ́ kálísíọ̀mù nínú ara iṣan.

Tí wọ́n bá sì rí i pé ọjọ́ yẹn ò ní dáa, wọ́n lè fẹ bàlúùnù díẹ̀ síbẹ̀ láì gbé stẹ́ǹtì sí i, kí aláìsàn lọ sinmi bí oṣù 2 sí 3, ara á bá wọn tún nǹkan ṣe, ìgbà kejì sábà máa ń rọrùn ju tàkọ́kọ́ lọ. Àdùkẹ́ ẹ bèèrè ìyẹn náà.

Akẹ́kọ̀ọ́Médísìnì
Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kọ́ mi ní nǹkan tí wọn ò tíì kọ́ wa ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣí i, ẹ ò tíì sọ bóyá ó yẹ kí wọ́n ṣí i. Ìwádìí EuroCTO ti 2018 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún 1 àyà ò dun àwọn tí wọ́n ṣí tiwọn tó ti àwọn tó lo oògùn nìkan. DECISION-CTO ti 2019 tí àwọn ará Kòríà ṣáájú ẹ̀ ò rí ìyàtọ̀ nínú ikú àti ìkọlù ọkàn. Ẹ̀mí ò gùn sí i. Mọ̀lẹ́bí tó ń ta ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí kí wọ́n tó tà á.

ÒkèṢábẹ
Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ yìí, o ṣeun. Ohun tí mò ń wá látàárọ̀ nìyẹn.

ÌnfìmíẹCathé
Mi ò bá a jiyàn. Ẹni tí àyà ò dùn, tó ń rìn, tó ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, èmi ò ní sọ pé kó lọ dùbúlẹ̀ sórí tábìlì yẹn torí pé àwòrán ní 100%. (Ti Kòríà yẹn náà, àwọn kan tí wọ́n ní kó lo oògùn nìkan padà lọ ṣí i, ẹ má gbàgbé.) Ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè fún bàbá Àdùkẹ́: ṣé wọ́n ti lo oògùn àyà fún un dé ibi tó yẹ? Ṣé ẹ̀kó ti fi hàn pé ẹran ọkàn lẹ́yìn ibi tó dí yẹn ṣì wà láàyè? Ṣé iṣan yòókù dáa, àbí ọ̀rọ̀ pontage, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi iṣan mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí, ló yẹ kí wọ́n máa sọ, pàápàá fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà? Tí oògùn bá ti pé tí kò sì lè rìn dé ọjà, tí ẹran yẹn ṣì ń mí, ìgbà náà ni ṣíṣí ẹ̀ ní ìtumọ̀.

Àdùkẹ́Kétu
Oògùn kan ṣoṣo ló ń lò fún àyà o, òmíràn tí wọ́n kọ ti tán kò sì rà á mọ́. Mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, a ó kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà fún ìyẹn àti ẹ̀kó, lẹ́yìn náà ni tuntun tó ń bọ̀ á rí i. Kí la máa mú lọ?

ÌnfìmíẹCathé
CD coro àkọ́kọ́, kì í ṣe ìwé ìròyìn nìkan. Ẹni tó mọṣẹ́ máa jókòó ti àwòrán yẹn fún ìgbà pípẹ́ kó tó fọwọ́ kan bàbá, á máa wá iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè gbà. Tí CD bá sọnù kẹ́ ẹ bẹ ilé ìwòsàn kí wọ́n tún un tẹ̀ fún yín. Èsì kíndìnrín tuntun. Orúkọ gbogbo oògùn. Kẹ́ ẹ sì bi í léèrè tààrà: irú èyí mélòó lẹ ń ṣe lọ́dún, stẹ́ǹtì tí wọ́n fi nǹkan bò lára yẹn wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn àbí kò sí.

ÌyáFàtíà
Kí n fi kan kún un. Tí wọ́n bá gbé stẹ́ǹtì sí i, aspirin àti clopidogrel, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, méjèèjì ni o. Ọkọ mi ní torí ààwẹ̀ òun ò ní lo ọ̀kan, mo bá a jà. Ẹ̀gbọ́n, ṣé sààrì lẹ ní kéèyàn lò ó ni àbí ìṣínu?

ÌnfìmíẹCathé
Màmá ẹ ṣeun. Èyíkéyìí nínú méjèèjì, wọ́n lè jọ lò ó pọ̀ nígbà ìṣínu kí inú má baà ṣofo, kó ṣáà jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ó kéré tán oṣù 6 fún méjèèjì, lẹ́yìn ẹ̀ dókítà á sọ èyí tó máa kù. Kẹ́nikẹ́ni má dá a dúró fúnra ẹ̀, bó jẹ́ eyín ló fẹ́ yọ.